Kéèkì ọjọ́ ìbí fún ọ̀rẹ́: Ibi tí owó ti ń jò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀rẹ́ yín kan á pè yín lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè pé ọmọ òun fẹ́ẹ́ pé ọdún márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ jọ̀ọ́ bá òun ṣe kéèkì kékeré kan, òun á fún yín lówó èròjà. Ẹ ó ṣe é, yóò sì dára débi pé gbogbo ẹni tó wá síbi àríyá náà ló máa ya fọ́tò rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, èèyàn mẹ́ta ti gba nọ́mbà fóònù yín. Inú yín á dùn, ẹ ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì, ẹ ó ra oríṣiríṣi páànù, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara yín ní oníkéèkì. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ti ṣe kéèkì tó lé ní ogójì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ àpò wò, kò ní sí ohun kan pàtó tí ẹ lè nàka sí pé èrè rèé.

Kì í ṣe pé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò dáa, kì í sì í ṣe pé ayé ló ń ṣe é. Ohun tó fà á ni pé fúláwà, ẹyin àti bọ́tà nìkan ló ń kà sówó, kò ka ọ̀ṣọ́ ara kéèkì sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀ṣọ́ yìí gan-an ló ń gba wákàtí tó pọ̀ jù, òun náà ló ń jẹ ṣúgà, òun náà ló sì máa ń bàjẹ́ nígbà tí kò sí àyè mọ́ láti ṣe òmíràn. Àwọn àgbà ló ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ojú ni àwọn tó wá síbi ayẹyẹ kọ́kọ́ fi ń jẹ kéèkì kó tó dé ẹnu, nítorí náà ọ̀ṣọ́ ni oníbàárà ń rà lọ́wọ́ yín, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Bí ọ̀ṣọ́ bá wá jẹ́ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ọjà yín gan-an lẹ fi ń ta èèyàn lọ́rẹ yẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ iye ìgbésẹ̀ tó wà nínú nǹkan kò lè dá owó lé e. Kéèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kùn ní áísìn lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù délẹ̀, èyí sì lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí inú rẹ̀ bá ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, áísìn tí ẹ bá fi sí i á yọ́, á sì máa ṣàn wálẹ̀. Lẹ́yìn tó bá tutù ni ẹ ó fi ọ̀bẹ eléyín gé orí rẹ̀ tó yọ gọngọ kúrò kó lè tẹ́jú. Orí tí ẹ gé yẹn náà, owó ni o. Àwọn tó gbọ́n máa ń rún un mọ́ áísìn díẹ̀, wọ́n á ṣe é ní rogodo-rogodo, wọ́n á fi igi bọ̀ ọ́, wọ́n á sì tà á fún àwọn ọmọ iléèwé.

Áísìn àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó mú gbogbo èérún ara kéèkì mọ́lẹ̀. Ẹ ó gbé e sínú fíríìjì fún bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó le díẹ̀, kí ẹ tó wá fi áísìn kejì tó nípọn bò ó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe kéèkì nílé ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí ìkánjú. Ìdí nìyẹn tí áísìn funfun tiwọn fi máa ń ní èérún káàkiri bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọ̀, òdòdó, ìlà etí, orúkọ àti ọjọ́ orí. Àwọ̀ tó ki, tó rí bí ògì tí kò tíì gba omi, ló dára ju èyí tó jẹ́ omi lọ, nítorí àwọ̀ olómi máa ń sọ áísìn di ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀. Bó bá jẹ́ pupa tàbí dúdú ni oníbàárà fẹ́, ẹ pò ó mọ́ áísìn kó tó di ọjọ́ kejì, torí àwọn àwọ̀ méjèèjì yìí máa ń pọ̀n sí i, wọ́n sì máa ń dúdú sí i bí wákàtí bá ṣe ń kọjá. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa da àwọ̀ sí i títí, á parí gbogbo ike kan lórí kéèkì kan ṣoṣo, ahọ́n àwọn tó jẹ ẹ́ á sì korò.

Nípa orúkọ, ẹ má ṣe fi etí gbọ́ ọ lórí fóònù. Ẹ ní kí ìyá ọmọ kọ ọ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ kó wà lára kéèkì, torí Tèmítọ́pẹ́ tí ẹ mọ̀ lè jẹ́ Temmytope nílé tiwọn, wọn ò sì ní gbà pé ẹ̀yin lẹ tọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ fi igi ìtayín fà á wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sójú áísìn kí ẹ lè mọ̀ bóyá àyè máa gbà á, kí ẹ tó fi áísìn gan-an tọ ojú ìlà náà.

Ooru wa kò bá bọ́tà rẹ́

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí fún ọ̀rẹ́ wa kan. Búlúù àti funfun ni, òdòdó yí i ká, ó dùn-ún wò. Ojú fèrèsé ló gbé e sí kí gbogbo èèyàn lè rí i. Iná lọ ní aago méjì ọ̀sán. Nígbà tí ọlọ́jọ́ ìbí fi máa dé láti kíláàsì ní aago márùn-ún, òdòdó ti ṣàn dé ìsàlẹ̀ àwo, orúkọ rẹ̀ sì ti di ìlà búlúù kan ṣoṣo. A fi ṣíbí bù ú jẹ. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ńṣe la rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fowó rà á kò ní rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Bọ́tà gidi máa ń yọ́ pátápátá láàárín ìwọ̀n ooru 32 sí 35, àmọ́ ó ti máa ń rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀ kó tó débẹ̀. Lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún, ọ̀sán Èkó àti ti Ìbàdàn sábà máa ń tó ìwọ̀n 32 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tó bá wá láti ìlú òtútù, tó ní kí ẹ fi 250 gíráàmù bọ́tà po 500 gíráàmù ṣúgà áísìn, dára lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níbí, kò ní dúró. Èyí tí àwọn oníkéèkì wa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ìdajì bọ́tà náà, wọ́n á fi shortening dípò rẹ̀, ìyẹn ọ̀rá funfun tí wọ́n ń tà fún àwọn oníbúrẹ́dì. Kò lómi nínú bíi bọ́tà, kì í sì í tètè yọ́. Bí ẹ bá fi òun nìkan ṣe é, á dúró bí ògiri, àmọ́ kò ní dùn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní ìdajì-ìdajì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní bọ́tà lọ́jà, màjárínì ni. Ẹ ka ara ike rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Fọ́ńdáǹtì, áísìn tí wọ́n ń pò bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tí wọ́n sì ń fi igi yí pẹrẹsẹ kí wọ́n tó fi bo kéèkì, kò bẹ̀rù ooru tó bẹ́ẹ̀. Ṣúgà áísìn, jẹ́látìn àti gúlúkóòsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá tirẹ̀. Ẹ gbé kéèkì tí wọ́n fi fọ́ńdáǹtì bò kúrò nínú fíríìjì, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì, ẹ ó rí i tó máa làágùn bí ìgò mínírà tútù, àwọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bó bá di dandan kí ó wọ fíríìjì, inú páálí tí wọ́n dé dáadáa ni kó wà. Bó bá sì jáde, ẹ má ṣí páálí náà títí òtútù fi máa kúrò lára rẹ̀, kí làágùn náà lè mọ sára páálí. Bí kò bá sí dandan, yàrá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa sàn fún un.

Ẹ̀kẹta ni royal icing, èyí tó máa ń gan gbagidi, tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa lára kéèkì ìgbéyàwó ayé àtijọ́. Ìgbéyàwó Ọbabìnrin Fitóríà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1840 ni wọ́n sábà máa ń so orúkọ náà mọ́. Funfun ẹyin tútù ni wọ́n fi ń pò ó, ẹyin tútù sì lè gbé àìsàn inú wá, pàápàá fún ọmọdé àti aláboyún. Ìyẹ̀fun funfun ẹyin tí wọ́n ti fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ wà lọ́jà, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ̀tù tó ń dán kì í ṣe oúnjẹ ní gbogbo ìgbà

Ọ̀rọ̀ àìsàn yìí gan-an ló mú mi dórí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àṣà tó wà lóde báyìí ni kéèkì tó ń dán bíi góòlù. Ẹ̀tù kan ni wọ́n ń bù sí i, ó wà nínú ìgò kékeré, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 2018, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọ mẹ́fà ló jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí kan tí wọ́n fi irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí inú ń gbọ̀n wọ́n. Nígbà tí àwọn elétò ìlera yẹ̀ ẹ́ wò, bàbà ló kún inú ẹ̀tù náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ìpínlẹ̀ Missouri, òjé ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún kan tó jẹ òdòdó ara kéèkì ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ẹ̀tù aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n fi kun òdòdó náà ni òjé ti wá. Àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn lọ́hùn-ún gbé ìròyìn méjèèjì jáde lọ́dún 2021.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rí "non-toxic" lára ìgò, wọ́n sì rò pé ó túmọ̀ sí pé ó ṣe é jẹ. Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ oúnjẹ máa ń to ohun tí wọ́n fi ṣe é sára ike rẹ̀, wọ́n á sì kọ "edible" sí i kedere. Ní ti ọjà wa níbí, ẹ wò ó bóyá nọ́mbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ́ sínú ọ̀rá láìsí orúkọ, láìsí nọ́mbà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ jẹ́ kó wà lọ́jà. Ọmọ ọ̀rẹ́ yín ló fẹ́ẹ́ jẹ ẹ́.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye ọjà, torí iye ọjà kì í pẹ́ yí padà lọ́dọ̀ wa. Ká sọ pé kéèkì ínṣì mẹ́jọ ni ẹ ṣe fún ọ̀rẹ́ yín. Fúláwà, ẹyin, bọ́tà, ṣúgà àti mílíìkì jẹ́ ₦14,000. Ṣúgà áísìn, shortening àti àwọ̀ jẹ́ ₦6,000. Bọ́ọ̀dù, páálí, ríbọ́ọ̀nù àti àbẹ́là jẹ́ ₦3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦23,000. Ọ̀rẹ́ yín san ₦30,000, ẹ wá ń sọ lọ́kàn yín pé ẹ jèrè ₦7,000.

Irọ́ ni. Gáàsì tí ẹ fi yan án àti epo tí ẹ bù sí jẹnẹrétọ̀ kí fíríìjì má baà kú jẹ́ ₦2,000. Ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ sọ́jà àti èyí tó gbé kéèkì lọ jẹ́ ₦2,000. Ẹ̀rọ ìpo-kéèkì, páànù àti àwọn ẹnu irin tí ẹ fi ń tẹ òdòdó ń gbó lọ díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan ẹ ó ra òmíràn, nítorí náà ó yẹ kí kéèkì kọ̀ọ̀kan dá nǹkan sí àpótí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ₦1,500. Ìyẹn ₦5,500 tí ẹ kò kà. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín jẹ́ ₦1,500.

Kí lẹ fi gba ₦1,500 yìí? Ọjà gba wákàtí kan. Pípò àti yíyan gba wákàtí méjì. Áísìn àti ọ̀ṣọ́ gba wákàtí mẹ́ta. Fífọ abọ́ àti gbígbé kéèkì lọ gba wákàtí kan. Wákàtí méje. Ẹ pín ₦1,500 sí méje, ẹ ó rí i pé wákàtí kan yín kò ju nǹkan bíi ₦214 lọ. Kò sí ẹni tó máa bá yín fọ abọ́ lásán ní iye yẹn.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí ẹ dá iye kan lé wákàtí yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ₦1,500 ni wákàtí kan, wákàtí méje jẹ́ ₦10,500. Ẹ fi kún ₦28,500 tí ẹ ná, ó di ₦39,000. Ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e gẹ́gẹ́ bí èrè okòwò fúnra rẹ̀, ó di ₦42,900. Owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí èrè o: owó iṣẹ́ ni ẹ fi ń jẹun, èrè ni ẹ fi ń ra páànù tuntun.

Ìwọ̀n páànù tún jẹ́ ibòmíràn tí owó ti ń jò. Bí oníbàárà bá ní ínṣì mẹ́wàá ni òun fẹ́ dípò mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ máa ń fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kún un torí ínṣì méjì péré ló fi jùra. Ẹ fi mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, ó jẹ́ 64. Ẹ fi mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ó jẹ́ 100. Bí gíga wọn bá dọ́gba, kéèkì ínṣì mẹ́wàá ń jẹ èròjà ju ti mẹ́jọ lọ ní ohun tó lé ní ìdajì. Ti ínṣì méjìlá ju ìlọ́po méjì ti mẹ́jọ lọ. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí, bí kéèkì rẹ̀ bá ṣe ń tóbi sí i ni àdánù rẹ̀ ń tóbi sí i.

Ẹ má sì ṣe fi iye tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá dá owó lé kéèkì tọdún yìí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n sì dá Náírà dá ọjà lóṣù Kẹfà ọdún náà, ohun gbogbo tó ní í ṣe pẹ̀lú epo àti Dọ́là ti gbẹ́nu sókè. Ilẹ̀ òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà wa ti ń wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣúgà wa. Lóṣooṣù ló yẹ kí ẹ tún ìṣirò ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ọ̀rẹ́ òun lòun máa gba iye yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà nílẹ̀: ẹ̀bùn àti ọjà. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ ṣe é tọkàntọkàn, ẹ má gba kọ́bọ̀, kí ó sì hàn sí ọ̀rẹ́ yín pé ẹ̀bùn ni. Bó bá jẹ́ ọjà, ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì ní iye rẹ̀ gan-an, ₦43,000, kí ẹ wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ yọ ₦5,000 fún un torí ọ̀rẹ́. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àárín méjèèjì, níbi tí ọ̀rẹ́ ti san ìdajì láìmọ̀ pé ìdajì ni, tó wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ₦30,000 ni kéèkì yín. Àwọn mẹ́ta tó gba nọ́mbà yín lọ́jọ́ àríyá náà, iye yẹn ni wọ́n máa mú lọ́wọ́ wá.

Ní tèmi o, ó sàn kí èèyàn ka iye kéèkì ọ̀fẹ́ tí agbára rẹ̀ gbé lọ́dún kan, bóyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó kọ orúkọ àwọn tó ni wọ́n sínú ìwé, kó sì fi mọ síbẹ̀.

Ẹ má lọ sọ́jà láìtíì gba ó kéré tán owó gbogbo èròjà, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí àlejò. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kò ní gba àyípadà mọ́, torí àwọn kan wà tí wọ́n máa fi fọ́tò kéèkì alájà mẹ́ta ránṣẹ́ láti orí Instagram ní alẹ́ Fúráìdeè, nígbà tí ẹ ti fi áísìn bo alájà kan. Bí ẹ bá ń gbé e lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ tó tẹ́jú ni kó wà, kì í ṣe orí ẹsẹ̀, kí oòrùn má sì bà á.

Bí ọ̀rẹ́ náà bá ní ₦43,000 ti pọ̀ jù fún òun, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì fi owó iṣẹ́ yín dí i. Ọ̀ṣọ́ ni kí ẹ dín kù. Kéèkì ínṣì mẹ́fà gba díẹ̀ ju ìdajì èròjà ti mẹ́jọ lọ. Ẹ fi áísìn bọ́tà aláwọ̀ kan bò ó, ẹ tẹ ìlà sí etí rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ọmọ, ẹ fi àbẹ́là márùn-ún lé e lórí. Ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò ní gbà yín ju wákàtí kan lọ.